Orúnkún Tí Kò Dùn Mí

Ilé Pruett,
Ẹ̀bá odò Guadalupe,
Seguin, Texas.
Sátidé, oṣù Kẹjọ.

Lacey, ọmọ mi kan ṣoṣo,

Bàbá rẹ kí ọ, ó sì kí Rubén ọkọ rẹ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ẹ̀yin méjèèjì nínú ìlera, kí ẹ̀rọ amúlétutù ilé yín tuntun sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí oòrùn ọdún yìí kì í ṣe oòrùn àmúṣeré. Èmi náà ń bẹ. Ajá ń bẹ. Ara le, ọkàn ni kò balẹ̀, ìdí ẹ̀ nìyí tí mo fi mú bíírò, èmi tí o mọ̀ pé káàdì ọjọ́ ìbí pàápàá, ìyá rẹ ló máa ń bá mi kọ ọ́ nígbà tó wà láyé.

Mo ti pè ọ́ lórí fóònù, o kò gbé e. Mi ò bá ọ wí. Rubén ló sọ fún mi pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín, o kò tíì dé ilé ìyá òun, pé bí wọ́n bá ní kí o wá jẹun, o máa ní iṣẹ́ pọ̀. Rubén kò mọ ìdí ẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ kú, Ọlọ́run tún fi ìyá mìíràn ta ọ́ lọ́rẹ, èmi bàbá rẹ ni mo wá dí ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́ ọ. Ìyẹn ni mo fẹ́ tún ṣe, bó bá ṣì ṣeé tún ṣe.

O rántí ọjọ́ tí o wá jókòó tì mí lójúde nínú oṣù Karùn-ún. O ní, “Dádì, ohun kan péré ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbọn yẹn sílé. Ọjọ́ kan péré. Ẹ ṣáà mọ ohun tó ṣe Beto.” Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Seguin? Beto ẹ̀gbọ́n Rubén, tí ẹnì kan yìnbọn pa nílé epo nítorí àríyànjiyàn ta ló kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà, Ofelia ìyá wọn kò lè bá ìbọn jókòó nínú yàrá kan náà; ọlọ́pàá tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ pàápàá, nínú mọ́tò ló ń fi tirẹ̀ sí kó tó wọlé kí i. Mo ní mo ti gbọ́. O ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí. O fẹnu kò mí lórí, o sì bá tìrẹ lọ.

Ìwọ mọ bí ìbọn ìléwọ́ ṣe di ẹ̀yà ara mi. Láti ìgbà tí àwọn olè ti dè mí mọ́lẹ̀ láàárín àpò oúnjẹ màlúù nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò tíì jáde láìfi í sí ìbàdí, àfi bí ẹni tó ń lo awò ojú. Nígbà òtútù, kò sí wàhálà, kóòtù ń bẹ. Ìgbà ooru ni ọ̀rọ̀ ń di ọ̀rọ̀. Ìyá rẹ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ọkùnrin tí kò bá ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ inú ṣòkòtò nínú ooru Texas, yálà ọ̀lẹ ni tàbí ó gbé ìbọn. Garland, èwo ni tìẹ nínú méjèèjì?” Èmi á ní méjèèjì ni. A jọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà, o ránṣẹ́ pé gbogbo ọkùnrin ló máa wọ guayabera funfun, ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ ń wọ̀ sóde, torí pé kò sí ẹni tó máa lè wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn. Inú bí mi. Ojú ẹni tó ń wá nǹkan sí mi lára ni mo fi wò ọ́. Àṣé tèmi lò ń rò, kí ooru má baà pa bàbá rẹ! Mo gba ilé Wilmer lọ, ẹni tó ń ta ìbọn fún mi, mo rò fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, “Garland, ọmọ ẹ gbọ́n jù ẹ́ lọ, jàre! Irú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, bó o bá fi fọ́ọ̀kì pamọ́ sábẹ́ ẹ̀, èèyàn á ka eyín ẹ̀. Fi nǹkan yẹn sílé, kó o lọ jẹran ìgbéyàwó.”

Bí mo bá ní làákàyè ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti padà sílé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n pè níjà. Lacey, ojú ń tì mí láti kọ èyí tó kù yìí. Nígbà tí ìwọ ń yan òdòdó, tí o ń ronú ibi tí wọ́n máa gbé fọ́tò ìyá rẹ sí, ohun tí bàbá rẹ ń ṣe nìyẹn níwájú dígí. Mo gbé e sí ìbàdí, ó yọ bíi gẹ̀gẹ̀. Mo gbé e sẹ́yìn, mi ò lè jókòó. Mo so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, mo ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Mo wá ra kékeré kan tó mọ bí àtẹ́lẹwọ́, mo ra ìgbànú onírọ́bà tó gbòòrò tí èèyàn ń wé mọ́ ikùn, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú sábẹ́ rẹ̀ nítorí pé funfun lábẹ́ funfun a máa hàn. Òógùn bò ó, ara mi sú, mo ń fi àtíkè ọmọdé kùn ún. Mo bẹ̀rẹ̀, mo nàró, mo nawọ́ sókè, mo mú nǹkan nílẹ̀, ajá jókòó ó ń wò mí. Níjọ́ tí nǹkan kan kò hàn mọ́, inú mi dùn bíi ti ọmọ tó yege ìdánwò. Mi ò bi ara mi léèrè pé ta ni mò ń fi pamọ́ fún. O kò ṣáà pe olè síbi ìgbéyàwó rẹ. Ìwọ ni mò ń fi pamọ́ fún. Mo sọ fún ara mi pé bí ojú kankan kò bá rí i, ìlérí kò tíì yẹ̀.

Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo ti gbọ́ ọ títí, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

Ọjọ́ yẹn dé, o sì lẹ́wà débi pé mo sunkún kó o tó jáde nínú ilé. Oòrùn ń jó wa lábẹ́ àwọn igi pecan ẹ̀gbọ́n Ofelia, gbogbo èèyàn ń fi bébà ètò ìsìn fẹ́ ara wọn. Èmi ń fi èjìká kan ṣoṣo gbá èèyàn mọ́ra, bí àwa tí a ń gbé ìbọn ṣe máa ń ṣe, kí àyà má baà kan àyà. Ofelia na ọwọ́ méjèèjì bọ̀ wá bá mi, mo fún un ní èjìká. Ó yẹ̀ mí wò. Ó ní, “Háà, àna mi! Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gbá èèyàn mọ́ra nílé Pruett? Bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé mo ti mú un jẹ.

Ohun kan tí mi ò gbìyànjú wò níwájú dígí ni ijó. Wọ́n pe ìyàwó àti bàbá ìyàwó, mo na apá sí ọ bí ọkùnrin ṣe ń na apá sí obìnrin lójú agbo, kí ọwọ́ rẹ lè wà léjìká mi. O mi orí. O ní, “Rárá o, Dádì. Bíi ti àtijọ́ ni.” O bọ́ bàtà rẹ, o gun bàtà mi bí o ti máa ń ṣe nígbà tí o wà ní kékeré, o sì fi apá méjèèjì gbá ikùn mi mú. Mo mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ kàn án. Gbogbo ara rẹ le. Mo rò pé o máa já ara rẹ gbà, kí o sá lọ. O kò lọ. O gbé orí lé mi láyà kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ, a sì jó orin náà títí tó fi tán, àwọn èèyàn ń nu omijé ayọ̀ nù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo sọ fún mi: “Ẹ rẹ́rìn-ín, Dádì. Wọ́n ń ya fọ́tò.”

Fọ́tò yẹn wà lórí tábìlì mi báyìí. Mo rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀. Mi ò lè wò ó.

Orin tó tẹ̀ lé e, o mọ̀ pé Ofelia ló máa bá mi jó. Ó ti ń bọ̀, ó ti na ọwọ́, ni o bá bọ́ sáàárín àwa méjèèjì. O ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Orúnkún ló ń dun Dádì. Wọn ò lè jó mọ́.” Ìwọ Lacey! Ìwọ tí o dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí o kò ju kékeré lọ, tí o sọ fún pásítọ̀ pé bàbá rẹ ń sùn. Nínú aṣọ ìgbéyàwó rẹ, o purọ́ fún ìyá ọkọ rẹ lójúkojú, nítorí mi. Kí ni èmi wá ṣe? Mo tiro. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo tiro lọ sídìí àga níwájú gbogbo ayé. Nígbà tí mo máa fi dé ibẹ̀, mi ò rántí ẹsẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ mọ́.

O ti yíjú padà nígbà yẹn, nítorí náà o kò rí ìyókù. Ofelia gbé tíì oníyìnyín wá fún mi. Ó da yìnyín sínú aṣọ ìnuwọ́, ó kúnlẹ̀ nínú koríko pẹ̀lú aṣọ àríyá rẹ̀, ó sì ń fi yìnyín náà ra orúnkún mi. Orí rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tó wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ìyá Beto ni o. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ra á, ó ní, “Orúnkún ló máa ń yọ Beto náà lẹ́nu, bọ́ọ̀lù ló fà á. Yìnyín yìí náà ni mo máa ń lò fún un.” Mo wá ilẹ̀ tí mo máa wọ̀, ilẹ̀ kò lanu. Mo ní ẹ ṣé.

Láti ìgbà náà kò tíì sí ọ̀sẹ̀ kan tí kò pè mí. “Àna mi, orúnkún ńkọ́?” Èmi á ní ó ti ń sàn. Ó fi ìpara ránṣẹ́, ìpara tó fi ewé sè fúnra rẹ̀. Ó tún fi òmíràn ránṣẹ́. Wọ́n tò sójú fèrèsé ilé ìdáná mi báyìí, mi ò ṣí ọ̀kan rí. Òórùn wọn ló ń kí mi bí mo bá fẹ́ po tíì láàárọ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé mo ti ju ìbọn náà sódò. Ó wà nínú àpótí irin, mo sì ti ń jáde láìmú un dání láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo dé ọjà, mo ń bojú wẹ̀yìn, bí ìhòòhò ni mo ṣe ń rí ara mi. Ẹ̀rù náà ni òótọ́ ọ̀rọ̀ mi látọjọ́ yìí, ọmọ mi, òun ni mò ń pè ní ìmúrasílẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ̀rù olè tó ti lọ tipẹ́ wá jókòó láàárín èmi àti ìwọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí o bẹ̀ mí fún.

Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, mò ń lọ sílé Ofelia. Mo máa ki ṣẹ́ẹ̀tì mi bọ inú ṣòkòtò dáadáa, kó lè rí i láti ojú ọ̀nà pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀ kí n tó la ẹnu. Mo máa sọ fún un pé irọ́ orúnkún kì í ṣe tìrẹ, tèmi ni, pé èmi ni mo gbé e lé ọ lọ́wọ́. Bó bá lé mi, ó lé mi. Ìwọ ni mi ò fẹ́ kó lé.

Mi ò ní kí o dárí jì mí nínú ìwé yìí. Ìgbà tó bá wù ọ́ ni kí o gbé fóònù. Kí Ọlọ́run tó gba ìyá rẹ sọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ ju bí èmi ti mọ̀ ọ́n ṣọ́ lọ. Kí ilé rẹ tutù nínú ooru, kí ó móoru nínú òtútù. Kí àwọn ọmọ tí o máa bí gun bàtà bàbá wọn jó, kí wọ́n má sì bá nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe ikùn.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣèlérí fún ọ,
Garland Pruett.

Àfikún: Ọjọ́ Sunday. Mi ò tíì fi ìwé yìí ránṣẹ́ nítorí mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ. Mo ti lọ. Ofelia jẹ́ kí n rò ó tán lójúde rẹ̀. Ó wá ní, “Mo mọ̀. Nígbà tí mo kúnlẹ̀, iwájú orí mi kàn án. Nígbà tí ẹ sì máa dìde, ẹsẹ̀ kejì lẹ fi ń tiro. Gbogbo ìgbà tí mò ń béèrè orúnkún yín yẹn, kí lẹ rò pé mò ń béèrè?” Kò gbá mi mọ́ra, kò sì fún mi ní tíì. Ó ní kí n dá àwọn ìpara òun padà. Mo ti dé ìdí mọ́tò kó tó pè mí. Ó ní, “Ẹ sọ fún ọmọ mi pé mo mọ ẹni tó purọ́ nítorí kí ọkàn mi má baà gbọgbẹ́, mo sì mọ ẹni tó fi í sípò irọ́. Kó wá jẹun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tamales ni mò ń sè. Ẹ̀yin, àna mi, ẹ ṣì dúró ná.”