Ọmọ Mi, Fìdí Rẹmi

Ilé Dáramọ́lá Alápatà,
Òkè-Ìsà, Èkìtì.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje, ọdún 2021.

Adéolúwa ọmọ mi,

Ṣé ara ń mókun? Ṣé èémí ń jáde dáadáa? Àlejò ni kòrónà, kò ní di onílé sí ọ lára, àmín. Màmá rẹ ń kí ọ, gbogbo ilé ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ì bá kí ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Ìbídùn ìyàwó rẹ ti fi ọ́ hàn wá nínú fóònù lórí ibùsùn ọsibítù, pẹ̀lú rọ́bà nímú, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da fóònù náà dojú bolẹ̀ mọ́, kí èémí má baà há ọ.

Ìbídùn ní ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé òtútù Johannesburg ló mú un dì bí epo pupa, ó ní rárá, kòrónà ni. Ìyẹn ò ṣòro fún mi. Ogójì ọdún ni mo ti ń pa ẹran, ẹ̀jẹ̀ tí mo bá gbà sínú igbá, kí n tó fọ ọ̀bẹ tán ó ti dì bí ẹ̀kọ, àfi tí mo bá bu iyọ̀ sí i tí mo sì ń rò ó. Mo ní kí ó sọ̀rọ̀ iyọ̀ fún Roseline, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ. Ó ní Roseline dúpẹ́, pé abẹ́rẹ́ ni àwọn ń lò, wọ́n sì ń gún un sí ọ nínú ikùn. Inú ikùn kọ́ ni ẹ̀dọ̀fóró wà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo panu mọ́, nítorí òkú ni tèmi, alààyè ni tiwọn.

Ó tún ní ara rẹ fúnra rẹ̀ ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì náà, pé èyí tó bá tú máa ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn dókítà sì ń wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ Ajé, o gba ẹgbẹ̀rin. Lọ́jọ́bọ̀, o gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ta ni yóò gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ tí kò ní yọ̀? Mo pa ewúrẹ́ dúdú. A ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, pásítọ̀ sì ní kí gbogbo ẹni tó ní ọmọ nílé ìwé dìde, kí wọ́n gba irú oore bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi ayọ̀ pe Ìbídùn, ẹkún ló fi dá mi lóhùn. Ó ní bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń ròkè ni ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe ń pọ̀ sí i nínú rẹ, kí á máa gbàdúrà kí ó wálẹ̀. N kò lè sọ ọ́ fún àwọn tó ti jẹ ewúrẹ́. Wọ́n ṣì ń kí mi kú oríire lójú ọ̀nà, mo sì ń dáhùn. Ẹ̀rù ń bà mí, Adéolúwa. N kò sọ fún màmá rẹ, òun náà kò sì sọ tirẹ̀ fún mi. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ tí mò ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, Olúwa, jẹ́ kí ọmọ mi fìdí rẹmi.

Àná, Ìbídùn ní o ti já wálẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún méjì. O ṣeun, ọmọ mi. Má dúró níbẹ̀.

Owó tí mo máa ń béèrè lóṣooṣù, fi í sílẹ̀ ná, n kò ní kí o gbàgbé rẹ̀ o. Fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ tó wà ní Berea, ní Johannesburg níbẹ̀, sílẹ̀ ná. Ọlọ́run tó fún ọ ní èémí kò ní gbà á padà lójú wa. Nígbà tó o wà ní kíláàsì kẹta, o gbé òdo wálé nínú ìṣirò, mo sì nà ọ́ títí dé ìdí igi ọsàn. Má bínú. Òdo yẹn náà ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún báyìí.

Gbé e wálé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dáramọ́lá.