Dókítà Mátíù Ọlátẹ́jú (1931–1989), Ẹni Tí Àwa àti Ìkòyí-Ilé Jọ Ni

"Wọ́n ní dókítà ti ní ìyàwó sí… Ìkòyí-Ilé mà ni… àní bẹ́ẹ̀dì ló gbé lọ bá a… wọ́n tiẹ̀ ní ibẹ̀ ló ní kí wọ́n sin òun sí…" Báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́ níbí, láti ìgbà tí bàbá wa ti jáde láyé. Ẹbí ní kí a kọ òótọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn.

Ìrẹsà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ni a bí Dókítà Mátíù Ọlátẹ́jú sí ní ọdún 1931. Daniel, àgbẹ̀, ni bàbá wọn. Deborah, ìyá wọn, kú nígbà ìrọbí kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni olóògbé nígbà náà.

Wọ́n kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gboyè dókítà ní Ìbàdàn ní 1960. Ní 1962 ni wọ́n fẹ́ màmá wa, Abigail, ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́.

Ní 1988, tí ìjọba gbé ètò ìlera tuntun jáde pé kí ìtọ́jú kárí olówó àti tálákà, bàbá wa wà lára àwọn dókítà tó kọ lẹ́tà láti tì í lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ní ọsibítù tirẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Mátíù, kí ni kí èmi wá máa jẹ?" Bàbá wa, tí wọ́n ń lọ tọ́jú aláìsàn ní Ìkòyí-Ilé ní gbogbo ọjọ́bọ̀, ní, "Iyán pọ̀ ní Ìkòyí-Ilé. Ká jọ lọ lọ́jọ́bọ̀."

Wọn kò dúró de kí ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn sí ibẹ̀. Palọ̀ Alhaja Kúbúrátù, opó tó ń gbẹ̀bí, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì gbé bẹ́ẹ̀dì tí màmá wa gbé wọlé ọkọ lọ síbẹ̀ láìsọ fún wọn. Àṣìṣe gbáà ni.

Màmá wa wọ mọ́tò lọ gba bẹ́ẹ̀dì náà. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni wọ́n bá lórí rẹ̀. Wọ́n padà wálé, ṣùgbọ́n owú kò tán. Wọ́n ní, "Ì bá ṣe obìnrin kan ni, ǹ bá mọ ẹni tí mo máa bá jà. Odindi ìlú ńkọ́?" Àwa ọmọ náà jowú. Fọláṣadé, àbíkẹ́yìn, a máa wúkọ́ irọ́ kí bàbá wa lè fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀.

Àyà ló dun bàbá wa lójijì ní Ìkòyí-Ilé, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Ọ̀wàrà, 1989. Wọ́n fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, Gabriel, Olúfúnkẹ́ àti Fọláṣadé, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún sílẹ̀. Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Ẹ sùn ní àlàáfíà.

Màmá wa ní àwọn kò ní dé ibi ìsìnkú bí ó bá jẹ́ pé Ìkòyí-Ilé ni ọkọ àwọn yàn. A ránṣẹ́ pe Alhaja Kúbúrátù, ẹni tó di orí bàbá wa mú ní ìgbẹ̀yìn. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú màmá wa, wọ́n sì tún un sọ bí olóògbé ṣe sọ ọ́ gan-an:

"Ẹ gbé mi lọ bá Abigail. Ẹ̀yin ni mo ń tọ́jú. Òun ni mo fẹ́."