Àwòrán Ọ̀sán Gangan Tí Ìyá Rẹ Kò Hàn Nínú Rẹ̀

Àkọ́bí mi obìnrin,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, mo kí ọ lẹ́ẹ̀kẹta nítorí pé ìwé tí mo rà gùn, mi ò sì fẹ́ kó ṣòfò. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ o, ojú rẹ kò ní rí ibi. Ní tiwa, ara mi dá ṣáṣá, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ìyá rẹ náà wà, ṣùgbọ́n inú ń bí i, ìwọ àti kámẹ́rà rẹ lẹ sì fà á.

Àwòrán tí o yà nínú ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ wa ti dé, onígbàjámọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwa ló bá wa ṣí i lórí fóònù rẹ̀. Kí n má parọ́ fún ọ, mo dára! Mo jókòó sórí àga mi lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn lè ka bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì dijú bí àgbàlagbà tó ń ronú. Aago ara ògiri hàn, báàfù hàn, tábìlì tí a fi ń lọṣọ hàn. Ìyá rẹ nìkan ni mi ò rí. Nídìí tábìlì níbi tó dúró sí, nǹkan kan kàn funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí èéfín ni. Mo ní ojú fóònù ló dọ̀tí, mo bu omi ọṣẹ sí àkísà, mo sì fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ọrùn ẹ̀wù funfun. Ìyá rẹ kò jáde, onígbàjámọ̀ sì já fóònù rẹ̀ gbà mọ́ mi lọ́wọ́.

Èmi ti fura láti ọjọ́ náà. Ọ̀sán gangan, oòrùn mú hanhan, lo mú jígí dúdú bo ojú kámẹ́rà, o ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù fún un. Mi ò fẹ́ dójú tì ọ́ níwájú oníbàárà ni mi ò fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí kò lè wo oòrùn, ojú ń dùn ún ni, tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ojú. Ó tún wá lo odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ẹyọ àwòrán kan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ya mí fún fọ́ọ̀mù báńkì ti yà á tán kí n tó mí. Mo ní arúgbó kámẹ́rà ni wọ́n tà fún ọmọ mi, àánú rẹ sì ṣe mí.

Onígbàjámọ̀ wá ka ọ̀rọ̀ tí o kọ tẹ̀ lé e. O ní bí ojú kámẹ́rà bá là sílẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ kò ní hàn, ẹni tó bá dúró sójú kan ló ń hàn. Inú mi dùn, mo sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé ẹ̀rọ yìí mọ onísùúrù. Ni onígbàjámọ̀, ọmọ àná tó jẹ́ pé orí mi yìí ló fi kọ́ṣẹ́, bá ní rárá o, ọ̀lẹ ló mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà kan gbàgbé ṣòkòtò rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun ti ń dúró nídìí tábìlì yẹn, ibẹ̀ lowó ìwé rẹ ti jáde, àwòrán kan ṣoṣo tí o sì fẹ́ gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn fún gbogbo ìlú wò lóṣù tó ń bọ̀, òun kò sí níbẹ̀, ọkọ òun tó ń sùn ló wà níbẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń sunkún, ó sì ń lọṣọ lọ. Ọmọ mi, ọkàn mi bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n má fòyà, bàbá rẹ ti mójú tó o. Mo ní kí ìyá rẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó sójú kan, èmi ni tíṣà, ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ó jókòó, kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi dìde lọ sá aṣọ. Ó tún jókòó, ó rántí omi tó wà lórí iná. Nígbà tó yá ó ní bí òun bá jókòó, ta ni yóò ṣiṣẹ́? Mo dìde, mo gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jó kọ́là ẹ̀wù tíṣà kan, a ti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbà.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, má gbé tàkọ́kọ́ yẹn kọ́. Padà wá lọ́sàn-án gangan, kí ìwọ àti kámẹ́rà olójú dídùn rẹ tún un yà. Èmi ni n ó máa lọṣọ, ìyá rẹ ni yóò jókòó. Bí mi ò bá hàn, fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n máa ṣe èéfín tèmi lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Fi owó àga kan ránṣẹ́, kó ní ibi ìfẹ̀yìntì, kó má sì ga jù. Mo wá gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù wa lánàá, àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tèmi sì ni. Ọgbọ̀n ọdún, ọmọ mi, mi ò tilẹ̀ kíyè sí i. Ìyá rẹ ló wà lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ó sì ti sùn lọ fọnfọn. Ká ní o wà níbí nísinsìnyí ni, ì bá hàn kedere.

Ọlọ́run yóò pèsè ibi ìjókòó fún ọ lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ọ́, yóò sì fi ẹni tí yóò dìde fún ọ síbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
lórí ìdúró.