Dominic Ògúnyẹmí, Ọmọ Emure-Ile Tó Sùn sí Imoru

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́, ẹ kú ẹsẹ̀ ọ̀nà, ẹ sì kú ìrọ́jú. A mọ̀ pé ìbéèrè kan ti wà lẹ́nu yín láti ìgbà tí ẹ ti gba ìwé ìkésíni: ṣé ilẹ̀ tán ní Emure-Ile ni, tí a fi ń sin ọmọ Emure-Ile sí Imoru? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ìgbésí ayé Bàbá fúnra wọn ni yóò dá yín lóhùn.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1950 ni a bí Bàbá wa, Dominic, ní Emure-Ile, sí ìdílé Bàbá Ògúnyẹmí, àgbẹ̀ oníṣu, àti Ìyá Ọmọ́lẹ́yẹ, tí òjò kì í dá dúró kó má lọ sí Máàsì. Ọmọkùnrin méjì ni Ìyá bí. Adégbénga ni ẹ̀gbọ́n, Dominic ni àbúrò. Àwo kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń jẹun, ẹ̀gbọ́n a sì máa fi ẹran sílẹ̀ fún àbúrò.

Ilé-ìwé àwọn Kátólíìkì ní Emure-Ile ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wọ ilé-ìwé girama ní Ọ̀wọ̀ ní 1964. Nígbà tí agbára bàbá wọn kò gbé ọmọ méjì mọ́, Adégbénga ló fi ìwé sílẹ̀, ó gba ọkọ́, ó ní kí àbúrò òun máa lọ. Owó iṣu tó ń gbìn ni Bàbá fi kàwé dé Yunifásítì Ìbàdàn ní 1973, níbi tí wọ́n ti kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Bàbá kì í sọ ìtàn ilé-ìwé wọn kí wọ́n má dárúkọ ẹ̀gbọ́n wọn.

Ní 1977, Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Ní 1979, wọ́n fẹ́ Veronica, arẹwà olùkọ́ ní Isuada, tó ti kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wọn ti pọ̀ jù. Ní 1982, lẹ́yìn tí a ti bí Tiwátọ́pẹ́, àkọ́bí wọn, wọ́n lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún oyè kejì, ibẹ̀ ni a ti bí Tòkunbọ̀.

Lọ́ńdọ̀nù náà ni ohun kan ti wọ Bàbá lọ́kàn tí kò jáde mọ́: owó tí àwọn ará orílẹ̀-èdè kan ń kó jáde lọ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n padà dé tí wọ́n sì di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ọ̀wọ̀ ní 1986, wọ́n kan páálí ńlá kan mọ́ ògiri yàrá ìgbàlejò. Ọdọọdún ni wọ́n ń fa ìlà sí i láti fi bí owó tó jáde ṣe pọ̀ tó hàn: àwọ̀ ewé fún Nàìjíríà, pupa fún South Africa, dúdú fún Malaysia. Àlejò kò ní tíì mu omi tí Bàbá yóò ti mú un lọ síwájú páálí. Wọn a ní kí a má fi owó tí orílẹ̀-èdè ńlá kó jáde wé ti kékeré láì wo bí ilé kálukú ṣe tóbi tó. Wọn a ní kí a má fi ọdún kan ṣoṣo dájọ́, pé Malaysia tí owó àjèjì ń rọ́ wọ̀ nígbà kan ló wá di ẹni tó ń kó owó tirẹ̀ jáde. Màmá a ní, "Bàbá Tiwátọ́pẹ́, ẹ jẹ́ kí àlejò jẹun ná."

Ohun tí Bàbá gbà gbọ́ jù ni pé owó tó jáde nílé kò ṣe òfò, àfi kí a ní sùúrù fún un. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wá dá ìjà sílẹ̀.

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì ní 2010, ẹ̀gbọ́n wọn ti ro ilẹ̀ ìdílé sílẹ̀ dè wọ́n. Àmọ́ Bàbá kó owó ìfẹ̀yìntì wọn lọ sí Imoru, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Alhaji Múrítàlá, wọ́n sì dá oko iṣu síbẹ̀. Ó dun ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Adégbénga, wọra. Ó ní òun fi ìwé sílẹ̀ fún ọmọ tó fẹ́ lọ tún ìlú onílùú ṣe, ó sì pa ẹnu dé. Fún ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ ìyá méjì kò bára wọn sọ ju "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" lọ níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Ó dun Bàbá. Màmá nìkan ló mọ bó ṣe dùn wọ́n tó.

Ní Imoru, Bàbá kó àwọn àgbẹ̀ jọ kí wọ́n lè jọ máa háyà katakata, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní katikísìmù, wọ́n sì ń bá onílẹ̀ àti àlejò parí ìjà ààlà. Bí a bá ti ṣe ọdún Ìgógó tán ní Ọ̀wọ̀, Bàbá a ṣa iṣu tó dára jù, wọn a gbé e lọ fún Alhaji Múrítàlá. Ìṣákọ́lẹ̀ ni, ẹ̀tọ́ ẹni tí a ń dáko sórí ilẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2025 ni Bàbá sùn tí wọn kò jí mọ́. Bàbá Adégbénga gbé ọkọ̀ wá láti Emure-Ile, ó ní ilé làbọ̀ simi oko, òun wá gbé àbúrò òun. Ó ní òun ti dárí jì í nínú ọkàn òun tipẹ́, torí pé kò sí ọdún tí kò fi iṣu ránṣẹ́ sí òun. Màmá wò ó. Bàbá kò fi iṣu kankan ránṣẹ́ rí. Ojú máa ń ti Bàbá láti fi ránṣẹ́, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn yóò dá a padà.

Alhaji Múrítàlá ló wá là á yé wa.

"Bàbá, ìṣákọ́lẹ̀ ni iṣu yẹn. Bàbá Tiwátọ́pẹ́ ti di ọmọ ilé wa, kò sì sí ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ilé rẹ̀. Bí mo bá sì kọ̀ ọ́, yóò rò pé mo fẹ́ gba ilẹ̀ mi padà. Ni mo bá ní kí Abdulfatai, ọmọ mi, máa já a sílẹ̀ fún yín tó bá ń lọ sí Ọ̀wọ̀, kó kàn sọ pé iṣu Imoru nìyí."

Áà, Bàbá wa! Ẹni tó fi gbogbo ayé wọn wá ohun tó jáde nílé tó sì ń padà wálé kò mọ̀ pé tiwọn ń wálé lọ́dọọdún. Bàbá Adégbénga jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó dìde, ó rọra sọ̀rọ̀: "Ẹ má gbé e mọ́. Ẹ jẹ́ kó sùn síbi tí wọ́n ti mọyì rẹ̀."

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé ni: ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Adégbénga, aya wọn, Màmá Veronica, àwọn ọmọ, Tiwátọ́pẹ́, Tòkunbọ̀ àti Ṣèyíọlá, ọmọ-ọmọ méje, àti ìdílé Alhaji Múrítàlá, tí a kọ sí àárín ẹbí torí pé ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Bí ẹ bá dé etí ibojì, ẹ ó rí iṣu tí a tò sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e kúrò. Bàbá Adégbénga ló gbé e wá láti Emure-Ile láàárọ̀ yìí, fún Alhaji Múrítàlá: ìṣákọ́lẹ̀ ilẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ ń sùn sí.

Dominic, ọmọ Ògúnyẹmí, ilé kò bínú sí ọ mọ́. Kí Olúwa tẹ́ ọ sí ìsinmi, kí ilẹ̀ Imoru gbà ọ́ bí ilẹ̀ baba rẹ. Sùn re, ọmọ rere.