Ẹsẹ̀ Òsì Mi Tó Lẹ́kọ̀ọ́ Jù

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìgboro. Mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tí mo gbọ́ pé ó ti ń hu eyín. Ibi tí ẹ bá kọjú sí, ọ̀nà á là fún yín, ìsọkúsọ ẹnu ayé ò ní bá yín jókòó. Àlàáfíà la wà níbí. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ewúrẹ́ òun ti bí ìbejì, àti pé ó ti jẹ aago ògiri tí o rà fún wa, àfi gíláàsì rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Ó yẹ kí n sọ ohun tó kù lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn, mi ò fẹ́ kó kún inú fóònù débi tí ohùn tìrẹ ò fi ní ráyè wọlé, ìdí rèé tí mo fi mú bírò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo ta dókítà nípàá. Jókòó ná, má tíì pariwo. Ìwọ náà mọ̀ mí, láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, mi ò gbá oníbàárà kankan létí rí, títí kan àwọn tó lọ sanra nílé wọn tán tí wọ́n wá ní èmi ni mo gé aṣọ kúrú.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló fà á. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń ṣe ségesège. Bí mo bá rọra tẹ̀ ẹ́, á sáré, bí mo bá ní kó dúró, á rán kọjá ibi tí mo fẹ́. Mo rán àpò ṣòkòtò tíṣà pa, kò ríbi ki ọwọ́ bọ̀. Mo bá pe ẹni tó máa ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó kán òróró sí i, ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní ẹ̀rọ ò lárùn o, ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ ni kí n gbé lọ fún àyẹ̀wò. Inú bí mi. Ìyá rẹ ò bínú ní tiẹ̀, ó kàn wọlé lọ mú ìborùn rẹ̀, ó ní ká lọ sílé ìwòsàn.

Ọmọdébìnrin ni dókítà náà, kò tó àbúrò rẹ. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí n jókòó sórí ibùsùn gíga kan kí ẹsẹ̀ mi máa fì dirodiro. Kò bá mi jà, mi ò bá a jà, àfi bó ṣe mú òòlù kékeré kan tó fi gbá mi lórúnkún. Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti fò sókè, ó bá a lápá. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó má bínú, èmi kọ́ ni mo rán an. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó wá kan ẹsẹ̀ òsì. Ó gbá a, ó tún gbá a, ẹsẹ̀ òsì dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò tilẹ̀ mira. Inú mi dùn. Mo ní kó wò ó, èyí ni mo tọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n dókítà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní kí n di ojú, kí n máa dáhùn nígbàkígbà tí òun bá fi okùn tín-ín-rín kan kàn mí ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ń dáhùn geerege kó má baà rò pé mo ti sùn, àfi ìgbà tó ní òun ò tíì kàn mí rárá. Ó gún mi níka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní abájọ tí ẹ̀fọn fi máa ń fo ìyá rẹ kọjá wá bá mi. Ó ní ṣúgà yẹn ló ń ba àwọn iṣan kan jẹ́, pé wọ́n dà bíi wáyà, àwọn ló ń gbé ìròyìn láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, ìròyìn ti ẹsẹ̀ òsì ò sì dé mọ́. Bí a ṣe délé ni mo ránṣẹ́ pe ẹni tó fa iná sílé wa. Ó wo ẹsẹ̀ náà títí, ó ní ti inú ilé nìkan ni wọ́n kọ́ òun.

Síbẹ̀ mi ò gbà. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹsẹ̀ tí nǹkan kì í dùn, ẹsẹ̀ akọni ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yinná jábọ́ láti inú áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo tẹ̀ ẹ́. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé aṣọ oníbàárà ló ń jó, mo ń tú aṣọ kiri, ìyá rẹ ló rí èéfín lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ní kó wá wò ó bí mi ò ṣe ké. Ó bú sẹ́kún.

Ilẹ̀ mọ́, ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé níbi tí patanmọ́ hù sí, ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí ẹ máa ń fọwọ́ kàn ní kékeré kó lè pa ewé dé. Ó fìka kan èyí tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó pa ewé dé kíá. Ó ní bó ṣe ń sá fún ẹran nìyẹn. Ó wá fìka kan èyí tó wà létí gọ́tà tí omi ọṣẹ ń dà sí, ó la ewé sílẹ̀, ó ń wò wá. Ó bi mí pé èwo ló lẹ́kọ̀ọ́ nínú méjèèjì. Ewúrẹ́ ti jẹ ìdajì ti etí gọ́tà náà, kò sì mọ̀. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí gan-an.

Egbò iná náà ò tíì jinná. Dókítà ní ká tètè gbé e wá sílé ìwòsàn ńlá tó wà lọ́dọ̀ yín, torí bí a bá fi falẹ̀, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà. Mo ti ń gé nǹkan láti kékeré, mi ò tíì rí ohun tí a gé tó tún gùn sí i. Ní báyìí, ìyá rẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ mi lé itan lálaalẹ́, á máa wò ó bí ẹni ń ṣa ìrẹsì.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ àwa méjèèjì ránṣẹ́, àti owó bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀. Má fi sí báńkì o. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó jáde níbẹ̀ ní kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá bàbá mi, kí n tó dé orí ara mi ó ti gbé káàdì mì. Awakọ̀ ni kó o fi rán. Tí o bá sì pè, tí o ní ṣé ara le, má gba tẹnu mi gbọ́, ní kí ìyá rẹ kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi kó tó dá ọ lóhùn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ aya, á ṣọ́ ọmọ. Bí iná bá ta sí ọ lára, á ta ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀gún bá gún ọ, á dùn ọ́ dé egungun, wàá sì ké. Ìyá rẹ ní a kì í ṣe irú àdúrà báyìí fọ́mọ, ó ní kí n pa á rẹ́. Mi ò pa á rẹ́. Jọ̀ọ́, ṣe àmín sí i.

Èmi ni, bàbá rẹ.