Ẹsẹ̀ Ìyàwó Kò Gbọdọ̀ Kan Ẹrẹ̀

                                        Ilé Bàrúwà,
                                        Ìlárá,
                                        Ìjọba Ìbílẹ̀ Imẹ̀kọ-Afọ̀n.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2019.

Bámikẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́? Ṣé orókún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo dúpẹ́ pé ara ọmọ rẹ ti yá. Àìsàn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí o wá síbi ìgbéyàwó mi, n ò bínú rárá. Mo ti di ìyàwó Akínlolú o! Bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí ni mò ń rẹ́rìn-ín sí bébà.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ilé ọkọ.

O mọ ọ̀nà Afọ̀n sí Ìlárá bí òjò bá ti rọ̀. Akínlolú fúnra rẹ̀ ló wa píkọ́ọ̀pù wá gbé mi, ó sì kó àpò iyanrìn sẹ́yìn, lókè táyà, kí ọkọ̀ má baà máa yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Àfi pé àpò ìrẹsì òkè òkun ló rọ iyanrìn náà sí, lásìkò tí wọ́n ti bodè pa yìí! Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Màmá Ojúọlá, jókòó lé e lórí bí ọba. Wọ́n ti kìlọ̀ pé nílé tiwa, ẹsẹ̀ ìyàwó kì í kan ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ títí wọn yóò fi bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ. Bó bá kàn án, ó di Afọ̀n padà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bámikẹ́, ọdún tó ń bọ̀!

Àwọn aṣọ́bodè méjì dá wa dúró. "Màmá, kí lẹ jókòó lé?"

"Iyanrìn ni, ọmọ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n tú àpò kan, iyanrìn. Wọ́n tú òmíràn, iyanrìn. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn wá wò wá bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ: "Ta ló wá ń fi iyanrìn ṣe fàyàwọ́?"

Bí ọkọ̀ ṣe fúyẹ́ nìyẹn. A ò tíì kúrò lójú wọn tó fi yọ̀ bọ́ sínú kòtò. Ọkọ mi ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀. Màmá Ojúọlá ní, "Gbogbo ta ni?" Ni gbogbo wọn bá wò mí. Ẹni tí kò lè sọ̀kalẹ̀ ni yóò wakọ̀ nìyẹn, kí ọkọ mi lè tì í. Èmi tí n ò gun kẹ̀kẹ́ rí! Màmá kò kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n wá kọjú sí àwọn aṣọ́bodè: "Ẹ̀yin lẹ da iyanrìn wa nù. Ó yá, ẹ gòkè, ẹ wá rọ́pò rẹ̀." Wọ́n sì gòkè lóòótọ́.

Akínlolú fi jíà kìíní sí i fún mi, ó bọ́ sẹ́yìn, ó ń kọ́ mi bí ẹrẹ̀ ṣe ń ta sí i lẹ́nu. "Yọ ẹsẹ̀ ní kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀! Má tẹná jù, táyà á kàn máa gbẹ́lẹ̀ ni! Má yí i lójijì! Bó bá ti jáde, má dúró o, ibi tó o bá ti dúró lo máa tún rì sí!"

Ó jáde. N ò sì dúró. Ìyàwó tuntun ṣáà ní láti gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Mo gbọ́ tó ń pariwo "Dúró! Dúró!" lẹ́yìn, mo ní ó ń dán ìgbọ́ràn mi wò ni. Aṣọ́bodè kan ń ké pe Ọlọ́run, Màmá Ojúọlá sì dá a lóhùn: "Jókòó jẹ́ẹ́. Iyanrìn kì í sọ̀rọ̀."

Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ iwájú ilé ọkọ mi ló dá mi dúró. Ìyá ọkọ mi gbé omi jáde, wọ́n wo èmi, wọ́n wo àwọn aṣọ́bodè. "Ọmọ tèmi dà?"

Àwọn aṣọ́bodè ló gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi mọ́ bí ẹyin. Ìgbà náà ni Akínlolú fẹsẹ̀ rìn dé, ẹrẹ̀ dé etí. Ìyá rẹ̀ kán omi díẹ̀ sí ẹsẹ̀ tèmi, wọ́n ní èyí ti mọ́, wọ́n sì da ìyókù sí ọmọ wọn lẹ́sẹ̀. Màmá Ojúọlá wo Akínlolú tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n ní, "Ìyàwó, káàbọ̀. Ilé ọkọ á tù ọ́ lára o." Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pe "Ìyàwó" nínú agbo ilé yìí, àwa méjèèjì la máa ń jẹ́.

Bá mi kí Màmá, kí o sì fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni tìrẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ wọlé ọkọ,

Adéjọkẹ́.