Ọwọ́ Ọ̀tún Alùpùpù Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ tuntun tó gbé ọ jìnnà sí wa. Mo lérò pé ara rẹ le bí tèmi. Bí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí iyẹ̀pẹ̀, má fòyà, kò sí àìsàn kankan. Ìyá rẹ náà wà, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì sinmi lórí mi.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù asáré tí o fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ránṣẹ́ kí n bá ọ tà ló mú mi kọ̀wé. Tíṣà kan ló kọ́kọ́ wá. Ó yin ọ̀dà pupa tí o kùn ún, ó yin ìjókòó tí o fi awọ rán, ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún yí ibi tí à ń yí kí ó sáré. Ó yí i títí bí ẹni ń ṣí ìgò tó le, alùpùpù kò mira. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, alùpùpù yín ti kú lọ́wọ́ kan." Mo rò pé àwàdà ni.

Ẹnìkejì, nọ́ọ̀sì kan, ló rí i pé ọwọ́ òsì ni ohun tí à ń yí náà wà. Búréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀kan lórí èkejì. Ó ní òun yóò rà á bí mo bá lè dá gbogbo rẹ̀ padà sí ọ̀tún. O mọ̀ mí. Ẹni tó fi ogójì ọdún tún rédíò ṣe kì í sá fún wáyà. Mo gbé irinṣẹ́ jáde, mo jókòó tì í láàárín àgbàlá.

Kí ló dé tí ẹni tó lọ́wọ́ méjì yóò kó gbogbo iṣẹ́ fún òsì? Mo ń tú u, mo ń bi ara mi. Iṣẹ́ náà mọ́, kò sí wáyà kan tó ṣìnà. Lápá ọ̀tún, kò sí nǹkan kan àfi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n rán yípo bí ẹ̀gbà ọwọ́. Mo ti ọwọ́ mi bọ̀ ọ́. Inú awọ náà ti gbó, ó ń dán níbi tí ọrùn ọwọ́ ti ń fara kàn án. Ẹnì kan ti ń so ọwọ́ mọ́ ibẹ̀ tipẹ́ kí ó má baà yọ̀.

Orúkọ ìnagijẹ wẹ́dà tó ṣe é wà lábẹ́ ìjókòó pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù: Ọ̀gá Ajópọ̀. Mo pè é, mo bi í léèrè. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò mọ̀ ni? Ẹ̀rọ tẹ ọwọ́ ọ̀tún ọmọ yín níbi iṣẹ́, ó ti pé ọdún méjì. Kò lè di ṣíbí mú. Mo rò pé ẹ̀yin mọ̀."

Nígbà náà ni mo rántí. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, ọwọ́ òsì lo fi gbé omi fún mi níwájú àwọn àlejò. Mo jágbe mọ́ ọ pé, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ìwọ wá ń fi bu omi fún bàbá!" O gbé ife sílẹ̀, o ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Ọwọ́ ọ̀tún rẹ wà nínú àpò ṣòkòtò, mo ní ìgbéraga ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí o fi lọ. Èmi tí ìyá rẹ ń pè ní Bàbá Ẹ-jẹ́-n-tú-u-wò, mo tú gbogbo rédíò àdúgbò, n kò tú ọ̀rọ̀ ọmọ mi wò. Ojú ń tì mí.

N kò tíì ta alùpùpù náà. Mo ti dá wáyà kọ̀ọ̀kan padà sí òsì bí mo ṣe bá a, mo sì ní kí nọ́ọ̀sì dúró de èsì rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Oníbàárà kò wọ́n lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀, síbẹ̀ èmi lo gbé e ránṣẹ́ sí, o sì mọ ìwà mi. Ṣé kí n tà á lo fẹ́, àbí kí n tú u? Bí ó bá jẹ́ títà, ẹni tí yóò fi í sílẹ̀ bó ṣe wà ni màá tà á fún. Bí kì í bá ṣe títà, wá gbé e.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí ọwọ́ rẹ méjèèjì. Iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ìwọ náà kò ní bàjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá béèrè ibi tí a bí ọ sí, ọwọ́ òsì ni kí o fi júwe ilé wa fún un. Mo ti yọ̀ǹda.

Èmi ni bàbá rẹ tó jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀,
Bàbá Ẹ-jẹ́-n-tú-u-wò

Ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ọwọ́ òsì ni mo fi kọ lẹ́tà yìí láti òkè délẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Bí o bá dé, bu omi fún mi.